Ọkàn Ènìyàn Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ Ìgbàlódé

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ dé, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ pa ìwé yín dé fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ìjókòó yín kò ní í já sí asán. Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí ni ti ẹ̀rọ ìgbàlódé àti ohun tí ó ń fi ọkàn àti ìgbésí ayé wa ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú ẹ̀rọ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ ni ẹ sì fi ń gbọ́ mi. Bóyá ẹ̀rọ mìíràn tún wà ní àtẹ́lẹwọ́ àwọn kan nínú yín, tí ó ń pè wọ́n pé kí wọ́n bojú wo òun ná kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí mo bá wí pé ẹ̀rọ, ohunkóhun tí ọmọ ènìyàn fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe láti mú iṣẹ́ rọrùn ni mo ń sọ, láti orí ọkọ́ àti àdá títí dé orí fóònù alágbèéká. Nígbà tí mo bá sì wí pé ọkàn, n kò sọ ti ẹran tí ń lù kì-kì-kì ní igbá àyà. Mo ń tọ́ka sí iyè tí a fi ń rántí, sùúrù tí a fi ń dúró, àfiyèsí tí a fi ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀, àti òye tí a fi ń ronú.

Àgbẹ̀ mú ọkọ́, ó fi ro oko. Ó rò pé ilẹ̀ nìkan ni ọkọ́ náà ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ tí ó ti ro oko fún ogún ọdún: ó ti yi, ìka rẹ̀ sì ti tẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rúkọ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí ọwọ́ ti ń lo irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ ń mọ ọwọ́ bí amọ̀kòkò ti ń mọ amọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ́ àti àwọn ẹ̀rọ òde òní ni pé ọwọ́ ni ọkọ́ ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn ni àwọn ẹ̀rọ òde òní ń bá ṣiṣẹ́. Ẹrù tí ọkàn ń rù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà rù. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹrù wo ni ó yẹ kí a sọ̀ fún ẹ̀rọ, èwo ni kò sì yẹ kí a sọ̀, nítorí pé rírù rẹ̀ gan-an ni ó ń fún ọkàn lágbára? Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó ru ìkòkò omi láti kékeré, ara tù ú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò ní í le.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àná ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yí ọkàn wa padà. Ẹ jẹ́ kí a mú aago ṣe àpẹẹrẹ. Kí aago tó dé ilẹ̀ wa, oòrùn àti àkùkọ ni aago wa. A mọ ìdájí, a mọ òwúrọ̀, a mọ ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́. Bí ẹni méjì bá fi àdéhùn sí ìyálẹ̀ta, tí ọ̀kan bá dé ṣáájú, yóò wá abẹ́ igi jókòó sí, kò sì ní í fi ẹ̀sùn kan ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní 1901, ọkọ̀ náà kì í dúró de ẹni tí ó ń fi òjìji mọ àkókò. Agogo ilé-ìwé náà kò dúró, bẹ́ẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́ ìjọba. Láti ìgbà náà ni ohun tuntun kan ti wọ inú àyà wa, èyí tí í ṣe ìbẹ̀rù pípẹ́. Aago kò bá wa jà, kò sì bá wa sọ̀rọ̀. Ó kàn so mọ́ ara ògiri, ó ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ọkàn wa sì yí padà.

Bákan náà ni ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ìgbà náà, ilé ẹnì kan ṣoṣo ní àdúgbò ni ẹ̀rọ náà lè wà, gbogbo ọmọ àdúgbò yóò sì pé jọ síbẹ̀. Ó mú ìmọ̀ wá, ó mú eré wá, ó sì gbé èdè àti àṣà wa lárugẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ agbolé, àkókò tí a fi ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá ni ó gbà. Ọmọ tí ń gbọ́ àlọ́ ní láti fi ojú inú ara rẹ̀ ya àwòrán ìjàpá àti àna rẹ̀. Ọmọ tí ń wo àwòrán, ẹlòmíràn ti yà á fún un.

Ẹ̀rọ tí ó wá ju gbogbo wọn lọ ni fóònù alágbèéká. Ọjọ́ 3, oṣù kẹrin ọdún 1973 ni Martin Cooper, ẹnjinníà ilé iṣẹ́ Motorola, fi irú rẹ̀ pe ènìyàn ní ojú pópó ní New York. Ní Nàìjíríà, títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní orílẹ̀-èdè wa kò tó mílíọ̀nù kan. Ilé àwọn ènìyàn ńláńlá àti ọ́fíìsì ni a ti ń rí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn ilé iṣẹ́ GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lónìí, iye nọ́ńbà tí ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí ju mílíọ̀nù 150 lọ. Alágbàro ní i, alátẹ ní i, akẹ́kọ̀ọ́ ní i. Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun sì ti wọ inú rẹ̀.

N kò wá síbí láti bú ẹ̀rọ yìí. Ìyá arúgbó tí ó wà ní Ọ̀ṣun lè rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ó sì gbàdúrà fún un láti ẹnu ara rẹ̀. Oníṣòwò lè fi owó ránṣẹ́ láìgbé owó gba ọ̀nà tí àwọn ọlọ́ṣà wà. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ìlẹ̀kùn ilé-ìwé pa, inú rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti bá àwọn ọmọ wọn pàdé. Ẹni tí ó bá sẹ́ èyí kò sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń san fún ìrọ̀rùn yìí kì í hàn lójú bí owó káàdì ti ń hàn, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kà á sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹrù kìíní tí a ti sọ̀ ni ìrántí. Ní ayé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ di ọlọ́gbọ́n láàrin àwa Yorùbá ní láti ní iyè nínú. Àwọn arọ́kin ní ààfin Ọ̀yọ́ a máa fi ìtàn àwọn ọba pamọ́ sínú orí. Akọ́fá a lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti kọ́ ẹsẹ inú odù Ifá, tí iye wọn jẹ́ 256, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ní òde òní, bí fóònù ẹlòmíràn bá bọ́ sọnù, kò lè pe ìyàwó rẹ̀ láti inú fóònù ẹni ẹlẹ́ni, nítorí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí èyí. Ní 2011, Betsy Sparrow ti Yunifásítì Columbia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kọ̀ǹpútà yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ náà; wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé yóò pa á rẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ yóò tọ́jú rẹ̀ ni ó gbàgbé jù. Nínú ìwádìí náà kan náà, ó hàn pé àwọn ènìyàn a máa rántí ibi tí a tọ́jú ọ̀rọ̀ sí ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọkàn jọ òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́n: bí ó bá mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbé ẹrù, kì í na ọwọ́ sí i.

Bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ìbẹ̀rù àwọn àgbà ni èyí. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ìtàn kan nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Phaedrus. Nínú rẹ̀ ni ọba Thamus ti Íjíbítì ti kọ̀ láti yin ẹni tí ó mú ìwé kíkọ wá fún un, nítorí ó ní ìwé yóò sọ àwọn ènìyàn di onígbàgbé. Síbẹ̀, ìwé ni ó tọ́jú ìtàn náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Bí Àlùfáà Samuel Johnson kò bá kọ ohun tí àwọn arọ́kin sọ fún un sínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó parí ní 1897, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ì bá ti bá àwọn àgbà náà lọ sí ọ̀run. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kò bá tẹ ẹsẹ Ifá jáde nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í mọ bí ó ti dùn tó.

Nítorí náà, kò sí ẹ̀bi nínú pé kí a fi nǹkan pamọ́ síta orí. Ẹ̀bi wà nínú pé kí orí ṣófo. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn awakọ̀ takisí Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ, wọ́n ní láti mọ nǹkan bí 25,000 òpópónà sórí. Ní 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Wọ́n rí i pé apá ẹ̀yìn ibi tí a fi ń mọ ọ̀nà nínú ọpọlọ, tí a ń pè ní hippocampus, tóbi nínú wọn ju nínú àwọn tí kì í wa takisí, àti pé bí awakọ̀ bá ti pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ ni apá náà ń tóbi tó. Ọpọlọ a máa dàgbà sí ibi tí a bá ti ń lò ó. Ẹni tí ó jẹ́ kí fóònù máa darí òun láti ilé dé ọjà lójoojúmọ́ yóò dé ọjà láìṣìnà, ṣùgbọ́n kò ní í mọ ìlú.

Ẹrù kejì ni sùúrù. Ní ìgbà tí lẹ́tà jẹ́ olórí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun a máa dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kí ó tó gbúròó rẹ̀. Ìdúró náà le, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, tí ó jókòó kọ lẹ́tà, kí ó tó wá àpòòwé, kí ó tó ra sítáǹbù, kí ó tó rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ìbínú náà ti rọ̀ díẹ̀. Ó lè tún lẹ́tà náà kà, kí ó fa á ya. Nínú fóònù, ìbínú kò tíì hó tán tí ọ̀rọ̀ ti jáde, bẹ́ẹ̀ ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ẹ tún wo ohun kékeré kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn tí ó ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì méjì aláwọ̀ búlúù hàn, kí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lè mọ̀ pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí ti kà á. Àmì kékeré ni, ṣùgbọ́n irú ìrora ọkàn kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni ó dá sílẹ̀. Ọkọ ka ọ̀rọ̀ ìyàwó, kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí ro oríṣiríṣi. Ọ̀rẹ́ rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti kà á láti òwúrọ̀, ó sì gbà pé ó kẹ́gàn òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà lè wà nínú mọ́tò, tàbí kí ó wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Dídákẹ́ tí kò ní ìtumọ̀ nígbà kan ti wá di ọ̀rọ̀. Bí aago ti dá ìbẹ̀rù pípẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì yìí dá ìbẹ̀rù àìdáhùn sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti fi ẹ̀sọ̀ mú ohun tí a ṣe kí ó máa yá wa lára ju bí ara wa ti rí lọ?

Ẹrù kẹta ni àfiyèsí, ìyẹn ni agbára láti gbé ọkàn lé ohun kan ṣoṣo. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fetí sí mi dáradára, nítorí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ yín dúró lé.

Ní 1957, B. F. Skinner, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, àti C. B. Ferster tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ohun tí wọ́n fi ẹyẹlé ṣe. Ẹyẹlé wà nínú àpótí. Bí ó bá fi àgógó rẹ̀ sọ ohun kan lára ògiri, oúnjẹ yóò jáde. Bí oúnjẹ bá ń jáde lẹ́yìn iye ìgbà kan pàtó, ẹyẹlé yóò jẹ, yóò sinmi. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ìgbà tí oúnjẹ yóò jáde, tí ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, tàbí lẹ́yìn ogójì, nígbà náà ni kò ní í yé sọ ọ́. Kódà bí oúnjẹ bá ti dáwọ́ dúró, yóò pẹ́ kí ó tó jáwọ́. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ọ̀ta tẹ́tẹ́ yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ohun tí ó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ ju jíjẹ lọ ni pé bóyá èyí tí ó kàn ni wọn yóò jẹ.

Ẹ wá wo fóònù. A ṣí i, kò sí nǹkan. A tún ṣí i, ẹnì kan ti yin àwòrán wa. A tún ṣí i, kò sí nǹkan. A tún ṣí i, ìròyìn ńlá dé. Ní 2006 ni Aza Raskin gbé ọgbọ́n kan jáde tí ó mú kí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa yọ síwájú láìlópin, kí òǹkàwé má ṣe dé ìsàlẹ̀ láé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ní 2009 ni Facebook fi bọ́tìnnì ìfẹ́ràn sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti ń sọ fún ọkàn pé ó tó. Ìwé ní orí tí ó parí, àwo oúnjẹ ní ìsàlẹ̀, àlọ́ ní ibi tí a ti ń sọ pé ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Èyí kò ní.

Kí ló dé tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro: ọjà ni. Lílo ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olùpolówó ọjà ni ó ń san owó, ohun tí wọ́n sì ń rà ni ojú wa. Ní 1971, Herbert Simon, tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1978, ti ṣàlàyé pé bí ìròyìn bá pọ̀ jù, àfiyèsí ni yóò wọ́n, nítorí àfiyèsí ni ìròyìn ń jẹ. Ohun tí ó bá wọ́n ni a sì ń tà lówó iyebíye.

Gloria Mark ti Yunifásítì California ní Irvine ti ń ka iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi gbé ojú lé ohun kan lórí kọ̀ǹpútà. Ní 2004, ó rí i pé ó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ kí wọ́n tó fò sí òmíràn. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2023, ó sọ pé ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 47. Ní 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò ọpọlọ. Àwọn kan fi fóònù sórí tábìlì, àwọn kan fi sínú àpò, àwọn kan fi sílẹ̀ nínú yàrá mìíràn. Àwọn tí ó fi í sínú yàrá mìíràn ni ó ṣe dáradára jù, bẹ́ẹ̀ ni fóònù gbogbo wọn kò dún. Òtítọ́ ni pé àwọn mìíràn tí ó tún irú ìdánwò yìí ṣe kò rí èsì kan náà ní gbogbo ìgbà, àwọn onímọ̀ sì ń bá àríyànjiyàn wọn lọ lórí bí ìpalára náà ti tó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú kíláàsì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo; kí ni a ó ti wí nípa ẹni tí ó ń lé ogún eku lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹrù kẹrin ni ó wá wúwo jù, òun náà ni a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀. Ìrònú ni. Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń jẹ́ ChatGPT, irú rẹ̀ sì ti pọ̀ báyìí. Ènìyàn lè bi í ní ìbéèrè, yóò dáhùn. Ó lè ní kí ó kọ àròkọ, yóò kọ ọ́ kí ènìyàn tó mu omi tán nínú ife. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ kọ àròkọ lórí ọjọ́ ọjà, ṣé àròkọ ni ó wọ́n ọn ni? Rárá o. Àpótí rẹ̀ kún fún àròkọ. Ohun tí ó ń wá ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú orí yín nígbà tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ wá, tí ẹ ń pa gbólóhùn rẹ́, tí ẹ ń tún un kọ. Bí ènìyàn bá rán ẹlòmíràn lọ sáré ìdárayá fún un, ara ta ni yóò le?

Ewu kejì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà a máa ṣìnà nígbà mìíràn, ohùn tí ó fi ń sọ òtítọ́ ni ó sì fi ń sọ irọ́. Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Ẹni tí ó ti ní ìmọ̀ nínú orí ni. Ẹ rí i bí ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti so mọ́ ara wọn: ẹni tí kò ní àfiyèsí kò lè kàwé, ẹni tí kò ní sùúrù kò lè kà á tán, ẹni tí kò rántí ohun tí ó kà kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ohun tuntun, ẹni tí kò sì ní òṣùwọ̀n, ohunkóhun tí a bá wọ̀n fún un ni yóò gbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní gbogbo ìmọ̀ ayé ní àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì jẹ́ ẹrú ẹni tí ó ni ẹ̀rọ.

Kí wá ni ṣíṣe? A kò lè kó ẹ̀rọ dà sódò, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àjọ UNESCO, nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 lórí ẹ̀kọ́, gbà wá nímọ̀ràn pé kí a mú fóònù wọ kíláàsì nígbà tí ó bá ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ nìkan. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n òfin ilé-ìwé kò lè dá a ṣe.

Mo bẹ̀ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ dá híhá ọ̀rọ̀ sórí padà sí ipò rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé iṣẹ́ ayékòótọ́ ni. Oríkì orílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ewì kan tí ó dára, ìtàn ìlú rẹ̀, ìṣirò orí: àwọn wọ̀nyí ni irúgbìn tí ìrònú fi ń hù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lójú yín nínú kíláàsì, pẹ̀lú gègé àti ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ lè mú ohun tí ẹ̀rọ kọ wá, kí ẹ jọ wá àṣìṣe inú rẹ̀. Nígbà náà ni ọmọ yóò di ọ̀gá ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yan wákàtí kan lóòjọ́ tí fóònù yóò wà nínú yàrá mìíràn nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Ẹ mọ nọ́ńbà ènìyàn márùn-ún sórí. Bí ọ̀rọ̀ bá bí yín nínú, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó dáhùn. Bí ìbéèrè bá le, ẹ kọ́kọ́ fi orí ara yín jà á títí yóò fi rẹ̀ yín, kí ẹ tó lọ bi ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí ó ń rí i pé bàbá ń wo fóònù nídìí oúnjẹ, tí ó sì ń rí i pé ìyá ń dáhùn ìpè nígbà tí òun ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun ní ilé-ìwé, kò ní í gba ìwàásù kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bóyá ohun tí ọmọ ń wá nínú fóònù ni ojú tí ó ń wò ó, nítorí pé ojú tiwa ti lọ sí ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fún wọn ní ojú wa padà.

Ẹ̀rọ yóò máa gbọ́n sí i, kò sí àní-àní. Àwa náà kò gbọdọ̀ máa gọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ru ẹrù tí ó ń pa wá lára; ṣùgbọ́n ìrántí, sùúrù, àfiyèsí àti ìrònú, orí tiwa ni kí a ti máa rù wọ́n, kí ọrùn wa lè le. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ fún mi ní àfiyèsí yín fún àkókò yìí. Mo mọ̀ nísinsìnyí bí ó ti níye lórí tó.